Ẹni Tó Ń So Òjò Ló Gbà Mí Gbọ́

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ẹnu iṣẹ́ yìí náà ni mo sì ti kó àìsàn tó ń ṣe mí. Àwa atẹ̀wé, ẹ̀yìn ló sábà máa ń dùn wá, tàbí kí ojú máa ṣú. Tèmi, ẹ̀rù ojú ọjọ́ ni. Àwọn kan tó fẹ́ ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì gbé ìwé wá pé kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́, ìwé nípa àyípadà ojú ọjọ́. Ó di dandan kí n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, orí mi ni wọ́n máa dà á sí. Mo ń fura títí dòní pé èmi nìkan ni mo kà á tán. Àwọn tó wá sípàdé gba báàgì, wọ́n gba bíírò, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sì fi ìwé náà fẹ́ ara wọn nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni oorun dá lójú mi.

Nọ́ńbà kan ló há mi lọ́rùn. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú àti epo yí ẹ̀rọ, tí a bá pín afẹ́fẹ́ ayé sọ́nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 280 ni carbon dioxide nínú rẹ̀. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii lọ́dún 1958, ó ti di nǹkan bíi 315. Ní báyìí, ó ti ré kọjá 420. Afẹ́fẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ooru tó ń ti ilẹ̀ gòkè ráyè sá lọ bó ṣe yẹ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ayé ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná a máa gbé omi púpọ̀ dání kó tó dà á lé wa lórí. Mo wá ń dìde lóru láti yẹ nọ́ńbà náà wò lórí fóònù bí ẹni tó ta lọ́tìrì. Ìyàwó mi á fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Baba Ṣèyí, ẹ pa fóònù yẹn, ẹ sùn. Òjò ò ní tìtorí yín rọ̀, kò sì ní tìtorí yín dá."

Màá pa fóònù. Ká má parọ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ sí mi lára bí mo ṣe dùbúlẹ̀ tí mò ń ronú nípa èéfín, aládùúgbò mi ló sì ń fi èéfín ọ̀hún wúkọ́. Ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Díísù lòun ń mu. Ìwé tó ní ká dín epo sísun kù yẹn, òun náà ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọmọdé ni mí nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní August 31, 1980, mo sì ti dàgbà tó láti fẹsẹ̀ ara mi rìn wo ohun tí òjò August 26, 2011 ṣe, èyí tó gbé afárá Apẹtẹ lọ tó sì pa èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún. Oṣù August ni méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé àwọn ẹbí mi ò fi í sọ́kàn.

Ládùúgbò wa ní Odò-Ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ooru ò pọ̀ sí i. Ibi tó ti wá ni wọ́n ń jà sí. Alhájì tó ni ilé kejì sí wa ní àmì òpin ayé ni, Ànábì Nuhu ló sì ń pè mí. Pásítọ̀ tó ń gbé lókè wa ní Ọlọ́run ti fi òṣùmàrè bá ọmọ aráyé dá májẹ̀mú, omi ò tún lè pa ayé rẹ́ mọ́. Nóà lòun ń pè mí. Ọ̀rọ̀ míì ò tíì pa àwọn méjèèjì pọ̀ rí.

Àwọn yẹn ò níjà lọ́dọ̀ mi. Houston ní Texas ni ìjà mi wà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Ó ti pẹ́ tí Bọ̀dá ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ páìpù epo ló ń ṣe, ó sì gbà tọkàntọkàn pé àwàdà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí. "Ọmọ aráyé kéré jù," ló máa ń wí. "Ọlọ́run ló ni òjò, Ọlọ́run ló ni oòrùn. Àwọn tó fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ wa ló ń pariwo." Nígbà tí James Inhofe, sẹ́nétọ̀ láti Oklahoma, gbé ìṣù yìnyín wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington ní February 2015, tó sì jù ú láàárín wọn láti fi hàn pé ayé ò gbóná, Bọ̀dá fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó kọ sí i ò ju "Ṣó o wá rí i?" lọ.

Ẹ bá mi rò ó. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n tó san owó iléèwé ẹni jiyàn? Ọ̀rọ̀ tèmi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹ má bínú, sà," á yà ní "ẹ̀yin náà mọ̀ jù mí lọ," á tún sinmi díẹ̀ ní "ọmọ yín náà ni mí." Kó tó dé ibi tí mò ń lọ, dátà ti tán. Mo dé ibẹ̀ nígbà kan ṣá. Mo ní, ẹ má bínú, sà, lọ́dún 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ James Black, òṣìṣẹ́ Exxon fúnra rẹ̀, ló kìlọ̀ fáwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pé epo tí à ń sun máa mú kí ayé gbóná. Wọ́n gbọ́, ó yé wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ń náwó fáwọn tó ń sọ fáráyé pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì dájú. Bọ̀dá dákẹ́ díẹ̀. Ọkàn mi fò sókè.

"Ìwọ tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Mọ́kọ́lá," ó ní, "ìwọ lo mọ ohun tí wọ́n sọ nínú ilé Exxon?"

Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.

Ní 2023, Màámi pé ọgọ́rin ọdún. Ọdún yẹn náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, tí náírà sì ṣubú nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, débi pé ẹni tó bá ń ti Houston bọ̀ pẹ̀lú dọ́là díẹ̀ lápò, ọba ló ń bọ̀. Bọ̀dá mú ọjọ́: Sátidé kan ní ìparí August. Mo kígbe lórí fóònù. Mo ka 1980, mo ka 2011. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ṣé mi ò mọ̀ pé òjò máa ń sinmi ní August ni. Mo ní ó máa ń sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sinmi lè dìde nígbàkigbà. Màámi ní òjò ò tíì ba ayẹyẹ òun jẹ́ rí.

"Kí lẹ wá ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí?" ni Àǹtí wí. "Ká wá ẹni tó máa bá wa so ó."

Gbogbo wọn ní ìyẹn dáa. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ni Bọ̀dá. "Èló ni wọ́n ń gbà báyìí?" ló béèrè, kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti wọlé sí àkáǹtì mi. Mo jókòó, mo ń wo àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì. Ẹni tó ní ọmọ aráyé kéré jù láti fọwọ́ kan ojú ọjọ́ ló fi owó ránṣẹ́ kí ọmọ aráyé kan ní Ìbàdàn fi okùn so òjò mọ́lẹ̀ títí a ó fi jẹun tán. Mo fẹ́ pè é kí n sọ fún un. Mo ronú nípa "Ẹ má bínú, sà" tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ó sì rẹ̀ mí.

Èmi tí mo wà nílé ni wọ́n sì rán.

Bí mo ṣe gun ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn nìyẹn, owó nínú àpò ìwé. Mo ti rò pé inú igbó ni mò ń lọ, àṣé ẹ̀gbẹ́ títì ni. Baba tó ń so òjò jókòó sábẹ́ àtíbàbà, gíláàsì lójú, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò sì wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ oníṣẹ́, ibi ayẹyẹ, àsansílẹ̀, ó ku èló. Gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé, mo gbóṣùbà fún un nínú ọkàn mi. Àwọn oníbàárà mi tó ń ní kọ̀ǹpútà ò létò tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣí i síbi Sátidé tiwa. Àwọn kan ti ṣáájú wa.

"Ti Ṣàgámù yìí ò ní yọ wá lẹ́nu," ó wí, ó ń fi bíírò nà án. "Àmọ́ a ní méjì míì n'Íbàdàn ńbí. Tí mo bá lé e lọ́dọ̀ tiwọn, kò níbi méjì tó máa gbà ju ọ̀dọ̀ tiyín lọ. Àfi kẹ́ ẹ tètè san tiyín."

Ó dá owó lé e. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí Àǹtí sọ. Mo ní, "Baba, wọ́n ní ìdajì èyí lẹ gbà lọ́dún tó kọjá." Baba yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún sí ẹ̀wù, ó fi í sí i padà.

"Ọmọ mi, òjò ọdún tó kọjá kọ́ nìyí. Òjò ayé ìsinsìnyí ti ya ìpáǹle. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, òjò tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ ránṣẹ́ síni. Á ṣú, atẹ́gùn á fẹ́, ewé á máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, èèyàn á ráyè mú nǹkan iṣẹ́. Nísinsìnyí, oòrùn á ṣì máa ràn, òjò á ti dé. Ó lè pa odidi oṣù jẹ, kó wá san gbèsè oṣù náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí mò ń dá ṣe tẹ́lẹ̀, mo ti ń gba èèyàn sí i. Ẹ sì fẹ́ kí owó dúró sójú kan?"

Ohun tó wà nínú ìwé tí mo tẹ̀ gan-an nìyẹn, àfi pé tìwé láwòrán. Òjò tí kò rọ̀ déédéé mọ́, tó jẹ́ pé nígbà tó bá máa rọ̀, á rọ̀ bí ẹni ń jà. Ara mi ń gbọ̀n. Mo sún àpótí mi mọ́ Baba. "Kí lẹ rò pé ó fà á, Baba?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Ìyẹn náà le? Igi tẹ́ ẹ gé ńkọ́? Epo tẹ́ ẹ̀ ń sun látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́? Èéfín yẹn tó ń gòkè lọ, ta lẹ rò pé ó ń gbé òkè dè é?"

Mo ti bá àwọn tó ní oyè yunifásítì sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sún fèrèsé ọkọ̀ wọn sókè. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn onílé, alága ní ká kọjá sórí ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí gbọ́ láyé mi nìyí, ó sì ní kí n san ìlọ́po méjì. Mi ò sì lè ná an. Tí mo bá fi lè ní, "Baba, ẹ dín in kù," mo ti ní ojú ọjọ́ ò bàjẹ́ tó bó ṣe wí nìyẹn, mo ti di Bọ̀dá. Owó tí Bọ̀dá fi ránṣẹ́ ò tó. Mo fi tèmi kún un, mo tún dúpẹ́.

Mo ti dìde kí Baba tó rántí nǹkan kan. "Ìwọ tó o gbé owó iṣẹ́ wá, ìwọ lo máa dúró gbẹ o. O ò ní wẹ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ò ní kan ọ̀fun rẹ látìdájí títí wọ́n á fi ká kánópì."

Bọ̀dá dé ní ọjọ́ díẹ̀ sí ayẹyẹ, ara rẹ̀ ń dán. Mo ti pinnu pé kò ní padà lọ bó ṣe wá. Mo ti ka ìtàn obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote. Lọ́dún 1856, láyé ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń kọ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn níwèé ní Kúdẹtì, obìnrin yìí gbé ìgò méjì sínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ lásán wà nínú ọ̀kan, carbon dioxide wà nínú ìkejì, tẹmómítà sì wà nínú méjèèjì. Ìgò ti carbon dioxide gbóná ju èkejì lọ, ó sì pẹ́ kó tó tutù nígbà tó gbé e kúrò. Ó kọ ọ́ pé tí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ lójú ọ̀run, ayé á gbóná sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka ìwé rẹ̀ fáwọn onímọ̀ ní Albany, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Henry ló bá a kà á. Mo ní nǹkan tó ti wà láti ìgbà ogun Ìbàdàn, Bọ̀dá ò ní lè sọ pé àwọn tó fẹ́ gbowó orí ló hùmọ̀ rẹ̀.

Mo gbé ìgò méjì sórí fẹ́ǹsì lẹ́yìn ilé. Mo rọ kán-ún sínú ọ̀kan, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó hó yeee, afẹ́fẹ́ tí mò ń wá nìyẹn. Tẹmómítà ni mi ò ní, mo bá lọ yá méjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ní kẹ́místì níwájú wa. Mo pe Bọ̀dá. Ó fi aga síbòòji, ó jókòó, ó ń mu máàtì tútù. Oòrùn ràn. Mo lọ wo tẹmómítà: 42. Mo wo ìkejì: 42. Mo dúró díẹ̀ sí i. 42, 42. Ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là nígbà náà: tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ibà ni, 42 ni òpin rẹ̀, torí kò sí aláìsàn tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màámi yọjú láti ilé ìdáná. Ó wo ìgò, ó wo tẹmómítà, ó wo èmi. "Àkànní, ta ni ibà ń ṣe nínú ìgò?"

Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ da máàtì síra rẹ̀ lára. Mo yọ tẹmómítà, mo sá jáde lọ wá èyí tó dáa. Kí n tó dé, àbúrò bàbá wa tó wá láti abúlé ti bá ìgò kán-ún lórí fẹ́ǹsì, ó ti rò pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì ti gbé e mu tán. Ó ní ó ṣe òun lóore. Ó ń bi mí bóyá wọ́n máa tó rọ nǹkan sínú èyí tó ṣófo yẹn náà.

Ọjọ́ Sátidé pé. Mi ò wẹ̀. Mi ò mu omi. Ẹ máa bi mí pé ṣé mo gba Baba gbọ́ ni. Rárá o. Ṣùgbọ́n tí òjò bá fi lè rọ̀, tí wọ́n sì gbọ́ pé mo mu omi, títí wọ́n á fi sin mí ni wọ́n á máa sọ ọ́. Mo wọ aṣọ ẹbí, léèsì tó nípọn, mo gbé agbádá lé e, mo dé fìlà. Kó tó di ọ̀sán, ooru ọjọ́ náà ti kọjá àfẹnusọ. Jẹnẹrétọ̀ méjì ń ké, ọ̀kan fún onífújì, ọ̀kan fún fáànù ńláńlá tó ń kó afẹ́fẹ́ gbígbóná láti apá kan kánópì lọ sí apá kejì. Wọ́n gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti orísìírísìí ẹran síwájú mi. Ọ̀fun mi ò lè gbé e mì láìsí omi.

Kí n má kàn jókòó, mo ń lọ láti tábìlì kan sí òmíràn. Mo ní, ẹ̀yin àgbà, ooru yìí ò ṣojú lásán o, July tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí ni oṣù tó gbóná jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n rí lágbàáyé. Ìyá kan di ọwọ́ mi mú, ó tẹ́tí dáadáa. "Ọmọ mi," ó ní, "jọ̀ọ́, bá wa pe ẹni tó ń pín ẹran."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí ìkùukùu kan lápá Ẹlẹ́yẹlé, tó dúdú nídìí. Inú mi dùn. Ọmọ wo ló ń gbàdúrà kí òjò pa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọgọ́rin ọdún? Èmi ni. Mo kàn fẹ́ kó ṣẹ́ díẹ̀, kó tó kí Bọ̀dá yíjú wò mí. Ìgò omi kan sì wà lórí tábìlì, ìrì ń ṣàn lára rẹ̀. Mò ń wò ó, mò ń ṣírò. Tí mo bá mu ún tí òjò sì rọ̀, èmi ni mo fà á. Bọ̀dá á wá gbà pé ọwọ́ ọmọ aráyé wà nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ni. Mo gbé ojú kúrò lára omi.

Onífújì pe àwọn ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí jáde. Bọ̀dá ń ná dọ́là. Mo tẹ̀ lé Màámi, mo ń jó, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé apá agbádá sókè, gbogbo kánópì sì yí lójú mi. Wọ́n ní bí mo ṣe ń ṣubú ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ijó ni.

Ohun tí mo mọ̀ kàn ni omi. Ẹnìkan ti ṣí kúlà tí wọ́n fi mú ohun mímu tutù, wọ́n sì da yìnyín àti omi inú rẹ̀ lé mi lórí látòkè délẹ̀. Àǹtí ti ki ìgò bọ̀ mí lẹ́nu. Mo mu ún tán. Mo gba òmíràn.

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí Baba ṣe wí náà ló rí, kò ránṣẹ́, kò sí atẹ́gùn, ó kàn dà. Aṣọ kánópì kọ́kọ́ wú, ó fi omi ṣe ikùn, irin rẹ̀ tẹ̀, ó sì bẹ́ lé tábìlì àwọn àna wa lórí. Àwọn onífújì bọ́ fìlà fi bo ẹ̀rọ. Gọ́tà iwájú ilé ti kún fún àwo tákíìwéè àti ike omi tí àwa fúnra wa ti ń jù síbẹ̀ látàárọ̀, omi ò ríbi gbà, ó yà sínú ọgbà. Ìkòkò ewédú gbéra, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Màámi wà lórí aga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí onífújì má dáwọ́ dúró.

Bọ̀dá ti pe Baba, ó fi fóònù sí ibi tí gbogbo èèyàn ti lè gbọ́. Ó jágbe mọ́ ọn. Baba ò bínú. Ó bi í ní ìbéèrè kan péré.

"Ta ló fọwọ́ kan omi?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Omi ń kán láti fìlà mi, ìgò kejì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ike inú gọ́tà, mo sọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé omi dání. "Dákẹ́!" ni Bọ̀dá wí. "Ìwọ lo fa òjò yìí! Ìwọ!" Ọdún mélòó ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà pé èèyàn lè da ojú ọjọ́ rú! Alhájì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ní, "Ànábì Nuhu, ọkọ̀ ojú omi dà?" Baba kọ̀, kò dá owó padà. Ó ní òun so ó, èèyàn ló tú u. Èmi ni mo sì san owó ẹ̀rọ onífújì tó jóná.

Ní Monday, July 8, 2024, ìjì Beryl wọ Houston. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìjì orí òkun Àtìláńtíìkì, kò tíì sí èyí tó tètè dé ipele karùn-ún nínú ọdún tó bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ ti dín kù kó tó dé Texas, síbẹ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni iná lọ níbẹ̀. Bọ̀dá pè mí láti inú mọ́tò, ibẹ̀ nìkan ló ti lè fi fóònù rẹ̀ sí iná. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀. Ó ní tí òun bá ti fa ṣóòkù, ṣé òun á dá a padà lójú ẹsẹ̀ ni àbí òun á dúró kó gbóná. Mo kọ́ ọ. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà lẹ́yìn fóònù, ó wúkọ́, ó wá gbé ohùn sókè. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ti wà létòlétò.

"Ẹ má bínú, sà," mo bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò," ó já lu ọ̀rọ̀ mi, "nọ́ńbà Baba yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo pe Baba. Ó ṣí ìwé rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí i. Ó ní ìjì òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò, dọ́là lòun máa gbà, ẹni tó máa dúró gbẹ níbẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èmi. Ó dá iye kan lé e. Mo pe Bọ̀dá padà, mo sọ iye náà fún un. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ilé ti gbóná ju ìta lọ, àwọn ọmọ ti ń sùn nínú mọ́tò. Ó pòṣé.

"Sọ fún un kó dín in kù," ó ní. "Ojú ọjọ́ ò tíì bàjẹ́ tó yẹn."